Iṣẹ́ Ọlọ́jọ́ Kúkúrú: Àwọn Agẹṣin Alágbàṣe Nínú Eré Ẹṣin Onífífò ní Ìlú Ọba

Nínú gbogbo eré ìdárayá tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe iṣẹ́ jẹun ní Ìlú Ọba, ó ṣòro láti rí èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀ tó ti eré ẹṣin onífífò, èyí tí àwọn ẹṣin ti ń sáré ọ̀nà jíjìn tí wọ́n sì ń fo àwọn ọgbà tí a kọ́ dábùú ọ̀nà wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣòro láti rí èyí tí èrè rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń ṣe é. Ìwọ̀nba orúkọ ni ayé mọ̀ nínú iṣẹ́ náà. A. P. McCoy, tí a bí ní apá àríwá Áyálándì, ni ó gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn agẹṣin fún ogún sáà léraléra títí tí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2015, iye ìgbà tí ó sì borí lé ní 4,000. Ṣùgbọ́n bí McCoy bá jẹ́ ẹyọ kan, àìmọye ni àwọn agẹṣin tí wọn kì í borí ju ogún ìgbà lọ lọ́dún, tí kò sí ilé ẹṣin ńlá kan tí ó gbà wọ́n síṣẹ́, tí ó jẹ́ pé ẹṣin ẹnikẹ́ni tí ó bá ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n ń gùn. Àwọn ni a ó máa pè ní agẹṣin alágbàṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Láìsí wọn, kò sí ìdíje tí ẹṣin rẹ̀ máa pé, nítorí ẹṣin tí ó dára kò pọ̀, àwọn tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gùn wọ́n.

Áyálándì ni eré náà ti ṣẹ̀. Ní 1752, ọkùnrin méjì, Cornelius O'Callaghan àti Edmund Blake, jọ ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin ẹni tí yóò yára jù, wọ́n sì sáré láti ilé ìjọsìn Buttevant dé ti Doneraile ní agbègbè Cork, ìrìn nǹkan bí máìlì mẹ́rin, tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ilé ìjọsìn tí ó wà níwájú ṣe àmì, tí wọ́n sì ń fo ògiri, yàrà àti odò tí ó bá pàdé wọn. Lónìí, oríṣi ìdènà méjì ni ó wà: èkíní jẹ́ ọgbà fúyẹ́ tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀, tí ó máa ń tẹ̀ bí ẹṣin bá kọlù ú, èkejì jẹ́ ọgbà tí a fi ẹ̀ka igi dì pinpin, tí gíga rẹ̀ kì í sábà dín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àtààbọ̀, tí kì í sì í ṣojú àánú sí ẹṣin tí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Grand National, tí a ń sá ní Aintree lẹ́bàá ìlú Liverpool láti 1839, ni ó lókìkí jù nínú wọn: ó lé ní máìlì mẹ́rin, ìgbà ọgbọ̀n ni ẹṣin tí ó bá sá a parí yóò sì ti fò.

Agẹṣin alágbàṣe kì í gba owó oṣù. Owó gígùn, èyí tí a ń san fún un fún ìdíje kọ̀ọ̀kan tí ó bá kópa, ni ó fi ń gbé ilé rẹ̀ ró, owó náà sì tó nǹkan bí 200 páùn lóde òní, yálà ẹṣin náà borí tàbí ó ṣubú níbi ọgbà àkọ́kọ́. Bí ẹṣin bá borí, agẹṣin yóò rí ìpín nínú owó ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ẹṣin tí ó ṣeé ṣe kí ó borí kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ alágbàṣe. Nínú 200 páùn yìí ni yóò ti san ti aṣojú rẹ̀, ìyẹn ẹni tí ń bá a pe àwọn olùkọ́ ẹṣin lórí fóònù láti wá iṣẹ́ fún un. Níbẹ̀ ni yóò ti san ti ẹni tí ń fọ aṣọ rẹ̀ tí ó sì ń tọ́jú gàárì rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò sì ti ra epo ọkọ̀, èyí tí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ó lè wa ọkọ̀ láti Lambourn ní gúúsù dé Hexham tàbí Sedgefield ní àríwá, ọ̀pọ̀ wákàtí ní àlọ àti àbọ̀, nítorí ìdíje kan ṣoṣo tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti lè lọ sí ilé ẹṣin olùkọ́ kan láti bá a fi ẹṣin ṣe eré ìmárale láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n má bàa gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́. Bí òtútù bá sì mú kí ilẹ̀ pápá le bí òkúta, wọn yóò fagi lé ìdíje ọjọ́ náà, owó sì ti lọ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn ti ń dópin yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí kì í ṣe orí pápá ni, inú ìwé òfin ni. Apá tí ó pọ̀ nínú àwọn ìdíje wọ̀nyí jẹ́ onídiwọ̀n, ìyẹn ni pé àwọn aláṣẹ ń pinnu ìwúwo tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan yóò gbé, tí ẹṣin tí ó dára yóò gbé èyí tí ó wúwo, tí aláìlágbára yóò gbé èyí tí ó fúyẹ́, kí gbogbo wọn lè ní àǹfààní kan náà. Ọ̀dọ́ agẹṣin tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26, a máa rí àdínkù gbà lórí ìwúwo yìí: ẹṣin tí ó bá gùn yóò gbé kílò mẹ́ta àti díẹ̀ dín sí iye tí wọ́n kọ fún un, títí ọ̀dọ́ náà yóò fi borí ní ìgbà 20, lẹ́yìn náà, àdínkù yóò di kílò méjì àti díẹ̀ títí di ìgbà 40, yóò sì di kílò kan àti díẹ̀ títí di ìgbà 75. Nígbà tí ó bá borí ní ìgbà karùndínlọ́gọ́rin, gbogbo rẹ̀ tán. Olùkọ́ ẹṣin tí ó ń pè é tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó ń mú ẹrù ẹṣin fúyẹ́ kò tún ní ìdí kan láti pè é mọ́, nítorí owó kan náà ni yóò san fún un àti fún agẹṣin tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ìborí, bí ó bá sì jẹ́ àdínkù ni ó ń wá, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mìíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó gun ẹṣin àádọ́rùn-ún ní sáà kan lè má rí ju ọgbọ̀n lọ ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ òye rẹ̀ ti pọ̀ sí i ni, kò dín kù.

Òfin náà ní ìdí tí ó bọ́gbọ́n mu, nítorí láìsí i, ta ni yóò fi ẹṣin olówó iyebíye lé ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́wọ́? Àléébù rẹ̀ ni pé ó ṣe àtẹ̀gùn tí ó mú ọ̀dọ́ gòkè, kò sì ṣe ilẹ̀ tí yóò dúró lé nígbà tí ó bá dé òkè. Àwọn tí ó ní ilé ẹṣin tí ó tì wọ́n lẹ́yìn a la àkókò yìí kọjá. Àwọn tí kò ní i, tí wọn kò sì jẹ́ ọmọ olùkọ́ ẹṣin, ni wọ́n ń di alágbàṣe, púpọ̀ nínú wọn sì ti ń ronú àtifi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ìwọ̀n ara ni ọ̀tá kejì. Àwọn tí ń gun ẹṣin onífífò ga, wọ́n sì síngbọnlẹ̀ ju àwọn tí ń gun ẹṣin orí ilẹ̀ títẹ́jú lọ, síbẹ̀ alágbàṣe gbọ́dọ̀ lè dín ara rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀ tí òun, aṣọ rẹ̀ àti gàárì rẹ̀ lápapọ̀ kò fi ní ju nǹkan bí kílò 64 lọ, nítorí ẹṣin tí a kọ ìwúwo tí ó kéré jù lọ fún ni ó sábà máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Fún ìdí èyí ni wọ́n ṣe ń febi pa ara wọn, tí wọ́n ń wẹ omi gbígbóná kí òógùn lè jáde, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ lọ síbi ìdíje pẹ̀lú ẹ̀wù lórí ẹ̀wù. Yàrá ooru tí ó wà ní àwọn pápá eré tẹ́lẹ̀ fún ìlaagùn ni wọ́n tì nígbà àrùn Kòrónà, àwọn aláṣẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣí i mọ́, èyí tí ó jẹ́ ìpinnu rere. Ryan Mania, ọmọ ilẹ̀ Sìkọ́tíláàndì, jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí ìwọ̀n ara lè ṣe: ní 2013, ó gun Auroras Encore borí nínú Grand National nígbà tí àwọn onítẹ́tẹ́ ń san páùn 66 lé páùn kan lórí rẹ̀, òun sì ni agẹṣin ilẹ̀ Sìkọ́tíláàndì àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1896. Ní ọjọ́ kejì gan-an, ó lọ gun ẹṣin ní Hexham bí alágbàṣe yòókù, ó ṣubú, bàálù hẹlikópítà ni ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2014 ó kéde pé òun fi í sílẹ̀, nítorí ìjàkadì pẹ̀lú ìwọ̀n ara ti sú u. Ọmọ ọdún 25 ni. Ó tó 2019 kí ó tó padà.

Ní ti ìṣubú, ìṣirò tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé agẹṣin onífífò ń ṣubú ní nǹkan bí ìgbà kan nínú gígùn mẹ́rìndínlógún sí ogún. Ẹṣin tí ó wúwo tó nǹkan bí kílò 500, tí ó ń sáré nǹkan bí kìlómítà 48 ní wákàtí kan, ni ó ń bá a ṣubú, àwọn ẹṣin mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn ṣe máa ń tẹ̀ lé ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eegun èjìká ni ó ń kán jù, kò sì sí agẹṣin tí ó ka èyí sí nǹkan bàbàrà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni eegun ẹ̀yìn àti ọpọlọ. Yorùbá ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni, òwe yìí kò sì ní ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan fún alágbàṣe: bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì yọ̀ǹda fún un, ó gbọ́dọ̀ tún gun òmíràn láàárín wákàtí kan, nítorí ẹṣin tí kò bá gùn, ẹlòmíràn ni yóò gùn ún, ẹni náà sì lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ pátápátá.

Kò sí ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi ipò àwọn agẹṣin wọ̀nyí hàn ju John Buckingham lọ, ẹni tí a bí ní 1940. Kò dàgbà láàárín ẹṣin. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Edward Courage ní Northamptonshire, olùkọ́ ẹṣin kan tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ó kúrò ní ilé ìwé. Nígbà tí ó fi di 1967, àwọn olùkọ́ ẹṣin mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán, àwọn ará ìta kò mọ̀ ọ́n, kò sì tíì gun ẹṣin nínú Grand National rí. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdíje ọdún náà ni wọ́n fi Foinavon lọ̀ ọ́. Ẹṣin yìí ti fìgbà kan wà lọ́wọ́ ìyàwó ìjòyè Westminster, ẹni tí ó ni Arkle, ẹṣin onífífò tí ó lágbára jù ní àkókò náà, orúkọ òkè kan ní Sìkọ́tíláàndì ni a sì fi sọ Foinavon. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tà á nítorí pé kò já mọ́ nǹkan. John Kempton, olùkọ́ rẹ̀, kò lè dín ara rẹ̀ kù tó ìwọ̀n tí ẹṣin náà máa gbé, àwọn agẹṣin mìíràn sì ti kọ iṣẹ́ náà kí ó tó kan Buckingham. Lọ́jọ́ ìdíje, Kempton lọ gun ẹṣin mìíràn ní Worcester, ẹni tí ó ni Foinavon kò sì yọjú sí Aintree. Iye tí àwọn onítẹ́tẹ́ ń san lórí rẹ̀ jẹ́ 100 páùn lé páùn kan.

Ẹṣin 44 ni ó bẹ̀rẹ̀ eré ní ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, 1967. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí wọ́n dé ọgbà kẹtàlélógún, èyí tí ó wà lára àwọn tí ó kéré jù ní pápá náà. Ẹṣin kan tí ń jẹ́ Popham Down, tí agẹṣin rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láti ọgbà àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń bá àwọn yòókù sáré, yà lójijì, ó sì sáré gba iwájú ọgbà náà kọjá dípò kí ó fò ó. Àwọn tí ó wà nítòsí dúró, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rọ́ lù wọ́n, agẹṣin ń fò kọjá ọgbà láìsí ẹṣin lábẹ́ rẹ̀, ẹṣin ń padà sẹ́yìn láti wá àyè, gbogbo rẹ̀ sì dàrú mọ́ra láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Foinavon wà lẹ́yìn pátápátá, Buckingham sì rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ó dín eré kù, ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó rí àlàfo kan, ẹṣin náà sì fò ó ní ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí ó gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, ọgbà méje ni ó sì kù. Àwọn mìíràn rí ojú ọ̀nà lẹ́yìn náà, Josh Gifford sì sáré gidigidi pẹ̀lú Honey End, ẹṣin tí àwọn ènìyàn ta tẹ́tẹ́ lé jù, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gígùn ẹṣin ni Foinavon fi ṣáájú rẹ̀ dé òpin.

Orí rere ni gbogbo ayé ń pè é, orí rere sì kún inú rẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo àwòrán ìdíje náà dáadáa yóò rí i pé àwọn agẹṣin tí orúkọ wọn tóbi ju ti Buckingham lọ wà níbẹ̀, tí ẹṣin wọn kọ̀ jálẹ̀ láti fò ọgbà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì àti ẹ̀ẹ̀mẹta. Pípa ẹṣin tí kò yára mọ́ kúrò nínú wàhálà, fífún un ní ìgboyà nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, àti mímú un dé ilé láìfarapa ni iṣẹ́ tí alágbàṣe ń ṣe lójoojúmọ́ ní àwọn pápá kéékèèké tí ojú ayé kì í sí. Ohun tí Buckingham ṣe ní ọgbà kẹtàlélógún ni ohun tí ó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni ó bọ́ sójú gbogbo ayé. Ní 1984, wọ́n fi orúkọ Foinavon sọ ọgbà náà, kò sì sí ibi kankan lórí pápá náà tí a fi orúkọ agẹṣin rẹ̀ sọ.

Ìborí náà kò yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1971, ó fi gígùn ẹṣin sílẹ̀, ó sì di olùtọ́jú ẹrù àwọn agẹṣin, iṣẹ́ tí òun àti àbúrò rẹ̀ Tom jọ ń ṣe. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó ń nu gàárì, tí ń fọ ṣòkòtò funfun tí ẹrẹ̀ ti bò, tí ń to aṣọ aláràbarà olówó ẹṣin kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ kí agẹṣin lè yára pàrọ̀ rẹ̀ láàárín ìdíje méjì, tí ó sì ń rí i pé òjé tí a fi ń pé ìwọ̀n wà nínú gàárì kí agẹṣin tó gun orí òṣùwọ̀n. Títí di 2001 ni Buckingham fi ṣe é, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, èyí tí ó gùn ju iye ọdún tí ó fi gun ẹṣin lọ dáadáa. Ó kú ní oṣù kejìlá, 2016.

Agẹṣin mìíràn, Liam Treadwell, náà gun ẹṣin tí iye rẹ̀ jẹ́ 100 lé ẹyọ kan, Mon Mome, borí nínú Grand National ọdún 2009. Ní 2016, ó ṣubú, ó sì fi orí ṣèṣe, ọpọlọ rẹ̀ mì gidigidi, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ní gbangba nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó tẹ̀ lé e. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2018, ó padà ní ọdún kejì, ó sì kú ní oṣù kẹfà, 2020, ní ọmọ ọdún 34. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn eré yìí máa rántí orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò gòkè dandan. Ọ̀rọ̀ Rachael Blackmore, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, kò fi ara mọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gun ẹṣin láìgbowó láìrí ìborí púpọ̀, ó sì di ọdún 2015 kí ó tó sọ ọ́ di iṣẹ́. Nígbà tí ó rí ilé ẹṣin tí ó fún un ní ẹṣin gidi, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò borí nínú Grand National, ní 2021. Ọwọ́ tí ó di ìjánu mú ní ọdún wọ̀nyẹn tí kò borí ni ọwọ́ kan náà. Ẹṣin ni ó yàtọ̀, a kò sì lè mọ iye àwọn mìíràn tí ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò kàn rí.

Ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ó fara pa ti wà láti 1964. Ní oṣù kejìlá 1963, Tim Brookshaw, tí ó ti jẹ́ agẹṣin tí ó borí jù rí, ṣubú ní Aintree, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Paddy Farrell, bàbá ọmọ mẹ́rin, nínú Grand National. Owó tí àwọn ènìyàn dá fún àwọn méjèèjì ni ó di àjọ Injured Jockeys Fund, tí ó kọ́ ilé ìtọ́jú Oaksey House sí Lambourn ní 2009, tí ó sì kọ́ òmíràn sí Malton àti Newmarket lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ńlá ni àjọ yìí ń ṣe fún ara tí ó ti fọ́. Àwọn tí ara wọn le ṣùgbọ́n tí fóònù wọn kò dún mọ́ kò rí ìtọ́jú tí ó tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ẹ̀kọ́ kan wà fún àwọn agẹṣin tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ kì í lọ síbẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí àwọn tí ń darí eré ẹṣin ní Ìlú Ọba sọ kíkọ́ iṣẹ́ kejì di apá kan ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, láti ọjọ́ tí ó ti ní àdínkù ìwúwo títí di ọjọ́ tí wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó ìrìnnà sì kúrò nínú owó gígùn kí ó di ti olówó ẹṣin. Owó tí ń wọlé lórí tẹ́tẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Aintree nìkan tóbi tó láti fi ṣe é. Kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó pín èyí tí ó kù.